Mo ti gbé ilé-ìwòye ojú ọjọ́ sórí APRS ní Àkúrẹ́, ẹ wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

Ọmọ_Ìjàpọ̀ · Ọjọ́ Ajé, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé rédíò. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sọ fún yín pé mo fẹ́ gbé ilé-ìwòye ojú ọjọ́ kan kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa, kí ó máa fi rédíò ròyìn fúnra rẹ̀. Àná ni mo gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta kò yé mi, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú rẹ̀ jù mí lọ bá mi wò ó.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: APRS ni ọ̀nà tí àwa onírédíò afìfẹ́ṣe ń gbà ròyìn ibi tí a wà, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti ọ̀rọ̀ kúkúrú, lórí ìkànnì kan ṣoṣo. Ní Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, 144.800 MHz ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo 144.390. Kò sí pé ẹnì kan ń pe ẹnì kan. Rédíò kọ̀ọ̀kan á ké jáde fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, á dákẹ́, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á sì gbọ́. Bí igate bá wà nínú àwọn tó gbọ́, ìyẹn ilé tó so rédíò mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, á gbà á gbé lọ, ẹ ó sì rí i lórí máàpù aprs.fi.

Ohun tí mo lò ni rédíò ọwọ́ oníwáàtì 5, Raspberry Pi, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré, tí Direwolf, ètò tó ń túmọ̀ ìró APRS, ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ BME280 fún ooru, ọ̀rinrin àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, pẹ̀lú agbòjò oníṣíbí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn òjò, tó máa ń dà nù fúnra rẹ̀ tí omi bá kún un. Bátìrì àti sólà ló ń gbé e, torí iná tiwa kò ṣeé gbára lé. Raspberry yẹn náà ni mo fi ṣe igate.

Àwọn ohun tí kò yé mi nìyí. Lórí máàpù, ilé wa wà ní Côte d'Ivoire. Láago méjì ọ̀sán, ó ka ooru 43. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tí ó ń kà jẹ́ 972 hPa (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́), bẹ́ẹ̀ 1011 ni mò ń rí fún Àkúrẹ́ lórí fóònù. Mo ti tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un tò.

---

Bàbá_Rédíò_Oǹdó · Ọjọ́ Ajé, aago 8:52 alẹ́

Àbúrò, o kú iṣẹ́, o kú ìnáwó. Mo ti sùn kalẹ̀ kí n tó rí ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì dìde jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti Côte d'Ivoire kúrò nílẹ̀. Wo ìlà tí o kọ ibi tí o wà sí, ó dá mi lójú pé W ni lẹ́tà tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tí gbogbo wa ń dà kọ ti wá, apá ìwọ̀-oòrùn sì ni tiwọn. Àkúrẹ́ wà ní dígírì 5 ó lé díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Tí o bá fi W sí i, yóò fò kọjá Benin, Tógò àti Gánà kó tó balẹ̀.

Ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀ tí o kò tíì rí. Fóònù máa sọ fún ọ pé 7.25 àti 5.19 ni Àkúrẹ́. APRS kì í kà á báyẹn. Dígírì àti ìṣẹ́jú ló ń kà, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló sì wà nínú dígírì kan. Ìdá mẹ́rin dígírì jẹ́ ìṣẹ́jú 15, kì í ṣe 25. Nítorí náà 0715.00N ni wàá kọ, lẹ́yìn náà 00511.40E. Tí o bá kọ 0725.00N, o ti gbé ilé yín lọ sí ìhà Ìjù, ó lé ní kìlómítà 18 sí àríwá.

Ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Bob Bruninga, tí àmì ìpè rédíò rẹ̀ jẹ́ WB4APR, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Annapolis, ló dá a sílẹ̀. Ní 1984 ó fi kọ̀ǹpútà kékeré kan, VIC-20, tọpa àwọn ẹṣin nínú eré ìje ọgọ́rùn-ún máìlì, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan dé. Ojú ọjọ́ wá bá a lẹ́yìn. Ọkùnrin náà ti di olóògbé ní 2022, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ ni ò ń lò yẹn: kí ẹni tó bá yí ìkànnì sí 144.800 lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yí i ká.

Ti ooru àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, mo fi sílẹ̀ fún ọmọ wa ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

---

Ọmọ_Ìjàpọ̀ · Ọjọ́ Ajé, aago 9:10 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Méjèèjì ni. W ni mo kọ, 0725 ni mo sì kọ. Mo ti tún un ṣe, ó ti wá sí Ìjàpọ̀ báyìí, mo tilẹ̀ lè rí òpópónà wa.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ojú_Ọjọ́ · Ọjọ́ Ajé, aago 10:37 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire.

Ibo gan-an ni ẹ so sẹ́ńsọ̀ mọ́? Ooru afẹ́fẹ́ kọ́ ni 43 yẹn. Mo fẹ́ fi ọkàn sọ pé ara ògiri ló wà, lábẹ́ páànù, lápá ibi tí oòrùn ọ̀sán ń kọjú sí. Sẹ́ńsọ̀ kì í purọ́, ooru ohun tó wà lára rẹ̀ ló ń kà, ògiri tó ti yá oòrùn láti àárọ̀ sì ń gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ púpọ̀.

Àpótí tí a ń lò ní ilé-ìwòye funfun ni, ó ní àlàfo lára kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá, kò gba oòrùn wọlé, ó sì ń dúró lórí ẹsẹ̀ níbi tí koríko wà, kí sẹ́ńsọ̀ ga tó mítà kan àti díẹ̀ sí mítà méjì. Ẹ kò nílò káfíńtà. Ẹ ra àwo rọ́bà funfun mẹ́jọ, irú èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ẹ da ojú wọn dé, ẹ gé àárín wọn jáde àfi tòkè pátápátá, kí ẹ fi bóòtù gígùn mẹ́ta tò wọ́n léra, kí àlàfo ìka méjì wà láàárín àwo kan àti èkejì. Sẹ́ńsọ̀ á wà ní àárín. Mo ti ṣe é rí fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti àpótí gidi kò tó nǹkan.

Ní ti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, 972 tiyín tọ̀nà, 1011 ti fóònù náà tọ̀nà. Àkúrẹ́ ga tó bí 350 mítà ju òkun lọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ń dín kù, ó sì ń dín tó bí ẹyọ kan hPa fún mítà mẹ́sàn-án. Ẹ pín 350 sí mẹ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 39. Ẹ fi 39 kún 972. Fóònù ti bá yín ṣe ìṣirò yẹn dé ìpele òkun, kí wọ́n lè fi Àkúrẹ́ wé Èkó àti Jos láìjẹ́ pé òkè ń da ọ̀rọ̀ rú. Èyí tí a ti ṣírò yẹn ni kí ẹ máa rán sórí APRS.

---

Tẹ́ẹ́rẹ́_Wáyà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 àárọ̀

Ẹ kàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, ẹ tún wo ìwọ̀n tí ẹ fi ń rán an. APRS ń fẹ́ ooru ní Fahrenheit: ooru 28 tiwa ní Celsius, t082 ni ẹ ó kọ. Bí ẹ bá rán t028, wọn á kà á sí pé omi ń dì ní Àkúrẹ́. Afẹ́fẹ́ jẹ́ máìlì láàárín wákàtí. Òjò jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún íńṣì, nítorí náà bí ṣíbí agbòjò yín bá jẹ́ irú tó ń dà ní 0.254 mm, ìdà kan jẹ́ ẹyọ kan géérégé, ẹ kò ní ìṣirò kankan láti ṣe. 1011 tí ẹ ṣírò yẹn, b10110 ni ẹ ó kọ ọ́ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tó fún ojú ọjọ́. Ìkànnì kan ni gbogbo wa ń pín.

---

Ìyá_Kòkó_Ìdànrè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá Oǹdó, ẹ kú àgbà sà. Ọmọ mi ló fi ojú ìwé yìí hàn mí, mo sì ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. N kì í ṣe onírédíò. Àgbẹ̀ ni mí, oko kòkó ni mo ní, ní Ìdànrè níbí.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yín fi wọ̀ mí lọ́kàn. Nígbà tí a bá ń sá kòkó, òjò kan ṣoṣo tó bá bá wa láìròtẹ́lẹ̀ lè ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin jẹ́. Kòkó tó bá tutù lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ máa ń bu, ẹni tó ń rà á á sì gé owó rẹ̀. Ní àsìkò òjò ẹ̀wẹ̀, àrùn tó ń mú èso kòkó dúdú tó sì ń jẹrà lórí igi ni à ń bá jà. A máa ń fín in ní òògùn. Tí òjò bá wẹ òògùn yẹn kúrò lọ́jọ́ kejì, owó ti wọlẹ̀, ẹ óò tún fín in.

Fóònù mi ń sọ òjò Àkúrẹ́ fún mi. Àkúrẹ́ àti Ìdànrè kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé lábẹ́ àwọn òkè yìí mọ̀ pé òjò ibí yàtọ̀. Mo ti dúró sí ojúlé mi rí tí omi ń ṣàn wálẹ̀ lórí àpáta bí ẹni da agbada, tí àbúrò mi sì pè mí láti Ọjà Ọba Àkúrẹ́ pé eruku ń sọ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ òjò ọjọ́ náà sílẹ̀ níbikíbi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣe oko yìí, orí mi nìkan ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ẹni tí kò ní ìwé-àṣẹ rédíò lè wà nínú ohun tí ẹ ń ṣe yìí?

---

Bàbá_Rédíò_Oǹdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:31 ọ̀sán

Ìyá wa, ẹ kú oko o, a dúpẹ́ pé ẹ yà sọ́dọ̀ wa.

Láti ké jáde lórí 144.800, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ àti àmì ìpè, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú fo èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní CWOP, ọ̀dọ̀ àwọn onírédíò APRS ló ti jáde, ó sì ń gba àwọn tí kò ní àmì ìpè náà. Wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tiyín, ilé-ìwòye yín á máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ròyìn, ìròyìn náà á sì dé ọ̀dọ̀ NOAA, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti máa ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ti àwọn aládùúgbò kó tó wúlò fún wọn. Ìṣòro tiwa ni pé aládùúgbò ṣọ̀wọ́n níhìn-ín. Ìdí nìyẹn tí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé fi ṣe pàtàkì, kí a lè máa fi ti ẹnìkan yẹ ti ẹnìkejì wò.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ojú_Ọjọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:15 ọ̀sán

Mà, ẹ má dúró de sẹ́ńsọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgò omi ńlá tí ara rẹ̀ tẹ́jú, tó fẹ̀ bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ti tó. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ yí orí náà dojú dé inú rẹ̀ bí àrọ, kí omi má baà gbẹ lọ. Ẹ da sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí ó lè tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ má sì gbé e. Ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ láago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, láti orí sìmẹ́ńtì sókè. Mìlímítà tí rúlà bá sọ ni òjò tó rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ da omi nù. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé àti igi. Bí igi bá ga tó mítà mẹ́wàá, ẹ gbé e jìnnà sí i tó ogún mítà.

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, ẹ̀yin náà ẹ yẹ agbòjò yín wò. Ẹ wọn ẹnu àrọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16 láti etí dé etí, omi 201 mìlílítà tí ẹ bá rọra dà sí i gbọ́dọ̀ ka òjò 10 mm. Ẹ rọra dà á, bí i wákàtí kan. Bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, ṣíbí kò ní lè bá a, yóò kà á dín. Ohun tí òjò líle ń ṣe fún un náà nìyẹn, torí náà ìgò Ìyá wa lè tọ̀nà ju ẹ̀rọ yín lọ lọ́jọ́ tí òjò bá le.

---

Dẹ́rẹ́bà_Ìlẹ̀ṣà_Garage · Ọjọ́ Rú, aago 7:48 àárọ̀

Ẹ kàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ní ọ̀kadà mẹ́fà tó ń gbé ẹrù kiri Àkúrẹ́. Ṣé mo lè fi APRS yìí máa wo ibi tí àwọn ọmọ wà, kí n sinmi owó dátà tí mò ń san lóṣooṣù?

---

Bàbá_Rédíò_Oǹdó · Ọjọ́ Rú, aago 8:02 àárọ̀

Rárá o, ọmọ mi. Rédíò afìfẹ́ṣe kò fún òwò. Òfin tí gbogbo ayé jọ ń tẹ̀ lé ni. Àwọn ọmọ tó ń gbé ẹrù náà kò sì ní àmì ìpè. Ẹ̀rọ atọpinpin tó ń lo síìmù ni kí o dúró tì.

---

Àbíkẹ́_Alágbàká · Ọjọ́ Rú, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Ọkọ mi ni onírédíò, èmi kọ́, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ó ti fi rédíò APRS sínú mọ́tò rẹ̀. Ó fi hàn mí tayọ̀tayọ̀ lórí fóònù. Mo rí ìlà kan lórí máàpù: láti ẹnu géètì wa, sí ilé-ìwé àwọn ọmọ, sí ibi iṣẹ́, padà sílé. Pẹ̀lú aago. Mo wo ti àná, mo wo ti ìjẹta, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i. Ẹ̀yin náà mọ irú àsìkò tí a wà yìí. Ẹ mọ bí ọkàn wa ṣe ń rí nígbà tí ẹnì kan nínú ilé bá wà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tí ilẹ̀ sì ti ṣú. Èmi kò sun oorun ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣé dandan ni kí gbogbo ayé mọ aago tí àwọn ọmọ mi ń jáde?

---

Tẹ́ẹ́rẹ́_Wáyà · Ọjọ́ Rú, aago 9:58 alẹ́

Àǹtí, òótọ́ ni ẹ sọ. Mo ti sọ èyí rí.

---

Bàbá_Rédíò_Oǹdó · Ọjọ́ Rú, aago 10:45 alẹ́

Ìyàwó wa, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo máa sọ ohun tí mo gbà gbọ́, lẹ́yìn náà n ó sọ ibi tí mo ti yí ọkàn padà.

Gbangba ni rédíò tiwa. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ àṣírí bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ kí ó sì ran ẹni tó wà nínú wàhálà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí mọ́tò bá yà kúrò lọ́nà lóru, ìlà yẹn ni wọ́n fi máa rí ẹni náà. Mi ò fi èyí ṣeré.

Ṣùgbọ́n ìrìn ojoojúmọ́ láti ilé dé ilé-ìwé kì í ṣe wàhálà. Kò sí ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín pa á ní àárín ìlú, kí ó tan án nígbà ìrìn-àjò jíjìn tí ó bá fẹ́ kí àwa mọ ibi tó dé, kí ó sì tan án lẹ́yìn tó bá ti kúrò ládùúgbò, kì í ṣe ní ẹnu géètì. Ti àwọn ilé-ìwòye tó dúró lójú kan, APRS fúnra rẹ̀ fàyè gba kí a fi àlàfo rọ́pò nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá yọ nọ́ńbà méjèèjì tó tẹ̀ lé àmì (.) inú rẹ̀ kúrò, ibi tí máàpù máa fi hàn kò ní kọjá ìṣẹ́jú kan, tí ó tó kìlómítà kan àti ààbọ̀ sí méjì. Òjò àti ooru ṣì wúlò ní ìwọ̀n yẹn. Ẹni tó ń wá ojúlé kò ní rí i.

Ọmọ_Ìjàpọ̀, o sọ lọ́jọ́ Ajé pé o ń rí òpópónà yín. Lọ yọ ọ́ kúrò lálẹ́ yìí.

---

Ọmọ_Ìjàpọ̀ · Ọjọ́ Rú, aago 11:03 alẹ́

Mo ti yọ ọ́, Bàbá. Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ìyá tèmi náà ni ẹ sọ, n kò kàn fetí sí i nígbà tó sọ ọ́ ni.

---

Tẹ́ẹ́rẹ́_Wáyà · Ọjọ́bọ̀, aago 12:30 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Igate kan wà ní Ìjàpọ̀ báyìí, ó dára, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ọ? Bí áńténà bá ga ní mítà mẹ́sàn-án, ojú rẹ̀ kò kọjá kìlómítà 12. Ìṣirò rẹ̀ ni pé kí ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi sọ ara rẹ̀ dipúpọ̀, gíga áńténà ní mítà ni yóò jáde. Ti 9 jẹ́ 3. Ẹ fi 4.12 sọ ọ́ dipúpọ̀, kìlómítà ni yóò bọ́ sí. Bí a bá gbé digipeater, ìyẹn rédíò tó ń gbọ́ tó sì ń tún un ké, sórí Òkè Ìdànrè, ká ní ó ga ní 400 mítà ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ: ti 400 jẹ́ 20, ẹ fi 4.12 sọ ọ́ dipúpọ̀, kìlómítà 82. Àkúrẹ́ kò ju bí 18 lọ láti ibẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹyẹ ń fò, Oǹdó bí 30. Ọ̀wọ̀ pàápàá wà nínú rẹ̀.

---

Bàbá_Rédíò_Oǹdó · Ọjọ́bọ̀, aago 1:17 ọ̀sán

Ó wù mí láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n orí òkè yẹn kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ń gbé irin lọ. Ìlú àtijọ́ Ìdànrè ló wà níbẹ̀, ààfin wà níbẹ̀, ojúbọ wà níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ni ín àti ìjọba ni àṣẹ wà, a kò sì gbọdọ̀ fi bóòtù kan gún àpáta náà láìtọrọ. Ààrá ńkọ́? Àpáta líle ni gbogbo rẹ̀, wáyà ilẹ̀ kò rí ilẹ̀ tútù wọ̀. Ibi tó ga jù ni ààrá sì ń kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú rédíò ọwọ́. Bí ó bá rí bí a ṣe rò, a ó ní ohun tí a máa gbé lọ bá àwọn àgbà.

---

Tẹ́ẹ́rẹ́_Wáyà · Ọjọ́bọ̀, aago 1:40 ọ̀sán

Mo ti gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa gun àwọn àtẹ̀gùn yẹn. Wọ́n lé ní 600, mo mọ̀. Wáàtì 5, APRSdroid, ìyẹn áàpù APRS, lórí fóònù, áńténà tí mo fi wáyà ìléṣọ ṣe. Láago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ní ìṣẹ́jú méjì méjì, fún wákàtí kan péré. Ẹni tó bá lè gbọ́, kó gbọ́.

---

Ìyá_Kòkó_Ìdànrè · Ọjọ́bọ̀, aago 6:22 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, tí o bá sọ̀ kalẹ̀, yà kí n fún ọ ní oúnjẹ. Mo ti gé ìgò mi. Ó wà láàárín àgbàlá, ibi tí mo ń sá kòkó sí.

---

Bàbá_Rédíò_Oǹdó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:09 àárọ̀

MO GBỌ́ Ọ. Ó wọlé ketekete, láìsí ẹni tó gbé e fún mi láàárín ọ̀nà. Pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìké kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo wà ní bàkónì mi ní Oǹdó, áńténà mi kò ju mítà mẹ́fà lọ.

---

Ọmọ_Ìjàpọ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:26 àárọ̀

Èmi kò gbọ́ nǹkan kan o. Mo sì sún mọ́ ọn ju Bàbá lọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ojú_Ọjọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, apá ibo ni áńténà yín wà nínú ilé? Ìdànrè wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn yín. Bí ilé alájà méjì bá dínà sí apá ibẹ̀, kò lè wọlé.

---

Ọmọ_Ìjàpọ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:54 àárọ̀

Ẹ̀yìn ilé aládùúgbò wa gan-an ló wà. Mo ti gbé e sórí ọ̀pá ọparun, mo fi okùn dè é mọ́ òpó táńkì omi, ó ga sí i ní mítà mẹ́ta. Pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti wọlé. Ó ti wà lórí máàpù, lórí Òkè Ìdànrè gangan, igate tèmi ló gbé e lọ!

---

Tẹ́ẹ́rẹ́_Wáyà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 3:12 ọ̀sán

Mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo wà ní ilé Ìyá wa, mo ti jẹ iyán. Láti òkè, mo rí òjò tó ń ṣú bọ̀ láti ìhà gúúsù, mo fi APRS kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín: lẹ́tà 67 péré ni ọ̀rọ̀ kan gbà, ó sì tó láti sọ pé "òjò ń bọ̀, ẹ kó kòkó". Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró dáadáa lórí fóònù mi níbẹ̀, rédíò ló gbé e. Ìyá wa kò ní rédíò, torí náà Ọmọ_Ìjàpọ̀ ló pè é lórí fóònù láti Àkúrẹ́.

---

Ìyá_Kòkó_Ìdànrè · Ọjọ́ Àìkú, aago 7:20 àárọ̀

Ẹ kàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi, àti Bàbá wa. Ìpè yẹn bá mi lórí ẹsẹ̀. A kó gbogbo kòkó tó wà nílẹ̀ bọ́ sábẹ́ páànù, àpò mẹ́rin, kí òjò tó sọ̀. Kò sí èyí tó tutù.

Mo wọn ìgò láago méje bí ọmọ wa ní FUTA ṣe sọ: mìlímítà 31. Ti Ìjàpọ̀ ńkọ́?

---

Ọmọ_Ìjàpọ̀ · Ọjọ́ Àìkú, aago 7:34 àárọ̀

Mìlímítà 4, mà.

---

Ìyá_Kòkó_Ìdànrè · Ọjọ́ Àìkú, aago 7:41 àárọ̀

Mo ti kọ méjèèjì sínú ìwé, tèmi lápá ọ̀tún, tìrẹ lápá òsì. Mo ti da omi nù, mo sì ti gbé ìgò padà sí àyè rẹ̀.